Ibùdó Òfurufú Tó Ń Gba Orí Èkìtì Kọjá: Bó Ṣe Ń Ṣiṣẹ́ àti Ohun Tí Wọ́n Ń Lò Ó Fún

Bí ẹ bá fi ìlà tààrà wọn ilẹ̀ láti Adó-Èkìtì dé Kánò, ó jìnnà ju láti Adó dé ibùdó òfurufú àgbáyé (International Space Station) lọ, nígbà tí ibùdó náà bá wà gbọnrangandan lókè orí wa. Nǹkan bíi kìlómítà 400 péré ni. Èèyàn méje ló sábà máa ń gbé inú rẹ̀. Láti ọjọ́ kejì oṣù Kọkànlá ọdún 2000, tí William Shepherd ará Amẹ́ríkà àti àwọn ará Rọ́ṣíà méjì, Yuri Gidzenko àti Sergei Krikalev, ti wọlé síbẹ̀, kò tíì sí ọjọ́ kan tí ilé náà ṣófo. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún yẹn ti tó ẹni tó ń ṣe àgùnbánirọ̀.

Nígbà tí àwọn èèyàn bá gbọ́ nípa rẹ̀, ìwádìí ìjìnlẹ̀ ni ọkàn wọn kọ́kọ́ máa ń lọ sí. Ìwádìí wà níbẹ̀ lóòótọ́, ẹ ó rí i níwájú. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, iṣẹ́ tó tóbi jù tí wọ́n ń ṣe lọ́hùn-ún ni títọ́jú ilé: kí afẹ́fẹ́ má tán, kí omi má tán, kí iná má kú, kí ooru má sì pa wọ́n. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí ti mọ ibùdó náà tán.

Kí ló dé tí kò já lulẹ̀? Ọ̀pọ̀ gbà pé òòfà ilẹ̀ kò dé ọ̀hún. Ó dé. Ní gíga yẹn, òòfà náà ṣì tó ìdá 88 nínú ọgọ́rùn-ún ti ilẹ̀ tí a dúró lé. Ibùdó náà ń já bọ́ ní tòótọ́, ní gbogbo ìgbà; eré tó ń sá ni kò jẹ́ kó kanlẹ̀. Ẹ wo ìṣirò rẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó já wálẹ̀ ní mítà 4.3. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá yẹn kan náà, ó ti sáré síwájú ní kìlómítà 7.66. Ayé sì rí róbótó: ẹni tó bá rin kìlómítà 7.66 lọ tààrà ní gíga yẹn, ilẹ̀ á ti tẹ̀ kúrò lábẹ́ rẹ̀ ní mítà 4.3. Bó ṣe ń já ni ilẹ̀ ń yẹ̀ fún un. Ó ń yí ayé po láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 93, èyí tó jẹ́ ìgbà 15 sí 16 lójúmọ́, oòrùn sì ń yọ, ó ń wọ̀ fún wọn níye ìgbà yẹn. Nítorí pé èèyàn, àga, omi àti ògiri ilé jùmọ̀ ń já bọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí èyí tó ń tẹ ìkejì mọ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí gbogbo nǹkan fi ń léfòó nínú rẹ̀.

Afẹ́fẹ́ kò tán pátápátá ní gíga yẹn. Ìwọ̀nba tó kù ń fa ibùdó náà sẹ́yìn, gíga rẹ̀ sì ń dín ní nǹkan bíi kìlómítà méjì lóṣù. Ìgbà tí ara oòrùn kò bá balẹ̀, tó ń tu ìtànṣán jáde ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, afẹ́fẹ́ òkè máa ń gbóná, á wú, ìfàsẹ́yìn náà á sì le sí i. Nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ máa tì í sókè lóòrèkóòrè. Ọkọ̀ ẹrù Progress ti Rọ́ṣíà tó so mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ á tan ẹ́ńjìnnì fún ìṣẹ́jú mélòó kan, eré á lé sí i díẹ̀, gíga á sì padà. Epo tí iṣẹ́ yìí ń jẹ tó tọ́ọ̀nù méje lọ́dún.

Kí ojú ibùdó náà lè wà níbi tó yẹ, kẹ̀kẹ́ irin mẹ́rin ló ń ṣiṣẹ́ yẹn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó nǹkan bíi kílò 100, wọ́n ń yí ní ìgbà 6,600 láàárín ìṣẹ́jú kan, iná sólà ló sì ń yí wọn, wọn kò jẹ epo. Agbára wọn níbi tó mọ. Ní ọjọ́ 29 oṣù Keje ọdún 2021, iyàrá tuntun tí Rọ́ṣíà pè ní Nauka ṣẹ̀ṣẹ̀ so mọ́ ibùdó náà tán ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá tan láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tàn án. Kẹ̀kẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò ká a. Ibùdó tó wúwo tó tọ́ọ̀nù 420 yí po tó ìgbà kan àbọ̀ kí àwọn ẹ́ńjìnnì yòókù tó lè dá a dúró.

Kò sí rọ́kẹ́ẹ̀tì tó lè gbé tọ́ọ̀nù 420 lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà wọ́n kó o lọ ní abala abala, wọ́n sì tò ó pọ̀ lókè. Rọ́kẹ́ẹ̀tì Proton gbé abala àkọ́kọ́, Zarya, kúrò ní Baikonur ní Kazakhstan ní ọjọ́ 20 oṣù Kọkànlá ọdún 1998. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ọkọ̀ Endeavour ti Amẹ́ríkà gbé Unity lọ so mọ́ ọn. Amẹ́ríkà, Rọ́ṣíà, Japan, Kánádà àti àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ló ni ín. Ó gùn ní mítà 109 láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, ṣùgbọ́n sólà àti irin ló gba púpọ̀ nínú ìyẹn. Àyè tí èèyàn lè rìn sí nínú rẹ̀ jẹ́ mítà kúbíìkì 388. Aago Greenwich ni wọ́n ń lò, nítorí náà bí wọ́n bá jí láago mẹ́fà àárọ̀, aago méje ti lù ní Èkìtì.

Ẹni tó bá ní sólà àti ínfátà nílé ní Adó ti mọ ìdajì ọ̀rọ̀ iná ibẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé alẹ́ kan péré ni bátìrì tilé ń bá wọ̀yá ìjà lójúmọ́. Ti ibùdó náà, nínú gbogbo ìṣẹ́jú 93 tó fi ń yí ayé po, nǹkan bí ìṣẹ́jú 35 ló fi ń wà nínú òkùnkùn ayé. Ìyẹn ni pé bátìrì ń gba iná, ó ń tú u sílẹ̀, ní ìgbà tó lé ní 5,600 lọ́dún. Bátìrì tí wọ́n bá ń lò gbẹ pátápátá níye ìgbà bẹ́ẹ̀ kò ní pẹ́ kú, nítorí náà wọn kì í jẹ́ kó lọ sílẹ̀ jìnnà. Láti 2017 sí 2021, àwọn arìnrìn-àjò òfurufú jáde síta láti fi bátìrì lítíọ́ọ̀mù 24 rọ́pò 48 ti níkẹ́ẹ̀lì tó ti gbó. Àwọn sólà àtètèkọ́ṣe jẹ́ ìyẹ́ mẹ́jọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní mítà 35, ó sì fẹ̀ ní 12. Wọ́n ń yípo fúnra wọn láti máa kọjú sí oòrùn. Ìtànṣán àti iyanrìn òfurufú ti jẹ wọ́n lára, agbára wọn sì ti dín. Láàárín 2021 sí 2023 ni wọ́n tẹ́ tuntun mẹ́fà sí iwájú díẹ̀ nínú wọn, èyí tí wọ́n ká bí ẹní lọ síbẹ̀.

Ooru ni ìṣòro tí ọ̀pọ̀ kì í ronú kàn. Ẹ̀gbẹ́ tí oòrùn bá ń pa lè gbóná dé dígíríì 121, ẹ̀gbẹ́ òkùnkùn lè tutù dé dígíríì 157 sísàlẹ̀ òdo. Ibi òfo ni ìta, kò sí afẹ́fẹ́ tó máa gbé ooru lọ. Gbogbo wáàtì tí sólà bá mú wọlé, ooru ló máa dà níkẹyìn, a sì gbọ́dọ̀ lé e jáde. Omi ń gba inú páìpù yí ilé ká, ó ń gba ooru lára kọ̀ǹpútà, lára ẹ̀rọ àti lára èèyàn. Ṣùgbọ́n omi kò lè jáde síta, á dì. Kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ ammonia ló ń ṣiṣẹ́ ìta, nítorí kì í dì àyàfi tó bá tutù dé dígíríì 77 sísàlẹ̀ òdo. Ammonia náà kò sì lè wọlé, májèlé ni. Nítorí náà wọ́n ní àpótí kan tí omi ń gba apá kan rẹ̀ kọjá, tí ammonia ń gba apá kejì, irin tẹ́ẹ́rẹ́ ló dá wọn sí. Ooru ń gba ara irin kọjá, wọn kò sì fojú kanra. Ammonia á gbé ooru náà dé àwọn pátákó funfun fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tó wà níta, ibẹ̀ ni ooru á ti tàn lọ sínú òfurufú. Bí irin tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn bá lu jẹ́nrẹ́n, ammonia á ya wọlé, ìyẹn sì wà lára ohun mẹ́ta tí wọ́n ń bẹ̀rù jù lọ níbẹ̀.

Ó wá kan afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ inú ibùdó kò yàtọ̀ sí ti etí òkun: ọ́síjìn ìdá 21 nínú ọgọ́rùn-ún, tí náítírójìn kó ìyókù, ìfúnpá rẹ̀ náà sì bá ti etí òkun mu. Èèyàn kan ń lo ọ́síjìn tó nǹkan bíi kílò 0.84 lójúmọ́, ó sì ń mí carbon dioxide tó kílò kan jáde. Fún èèyàn méje, ẹ ní láti wá ọ́síjìn bíi kílò mẹ́fà lójoojúmọ́, kí ẹ sì wá ibi tí carbon dioxide kílò méje máa gbà lọ.

Inú omi ni ọ́síjìn ti ń wá. Ẹ̀rọ kan ń jẹ́ kí iná mànàmáná gba inú omi kọjá, omi á sì pín sí ọ́síjìn àti háídírójìn. Kílò omi kan ń mú ọ́síjìn tó nǹkan bíi gíráàmù 890 jáde. Ọ́síjìn á wọ inú ilé. Láyé àtijọ́, háídírójìn tó kù, ìta ni wọ́n ń dà á sí. Ní 2010 ni wọ́n gbé ẹ̀rọ Sabatier lọ, èyí tó ń da háídírójìn yẹn pọ̀ mọ́ carbon dioxide tí àwọn èèyàn mí síta. Omi á jáde níbẹ̀, gáàsì mẹ́tíéènì náà á jáde. Omi á padà sínú ilé, mẹ́tíéènì á lọ síta. Èémí tí ènìyàn mí síta láàárọ̀ lè wà nínú omi tó máa mu lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ẹ̀rọ tó ń kó carbon dioxide jọ ní kóró wẹ́wẹ́ kan nínú tí wọ́n ń pè ní zeolite. Fáànù á kọ́kọ́ fa afẹ́fẹ́ wọlé, wọ́n á sì yọ ọ̀rinrin kúrò nínú rẹ̀, nítorí zeolite fẹ́ràn omi ju carbon dioxide lọ: bí omi bá ti kún un, kò ní gba nǹkan mìíràn mọ́. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ náà á wá gba àárín àwọn kóró yìí, carbon dioxide á lẹ̀ mọ́ wọn, afẹ́fẹ́ tó mọ́ á padà sílé. Bí àpótí kan bá kún, wọ́n á tì í, wọ́n á mú un gbóná dé nǹkan bíi dígíríì 200, wọ́n á sì ṣí ọ̀nà síta fún un. Àpótí kejì á máa gbà nígbà tí ti àkọ́kọ́ bá ń tú. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni pé kóró tó ń gbóná, tó ń tutù, tó tún ń gbóná, kò ní pẹ́ máa rún di lẹ́búlẹ́bú. Lẹ́búlẹ́bú yìí á lọ há sẹ́nu àwọn fáàfù, fáàfù kò ní lè pa ẹnu dé mọ́. Nítorí eruku yìí, àìmọye ìgbà ni wọ́n ti tú ẹ̀rọ náà palẹ̀. Pẹ̀lú gbogbo akitiyan náà, carbon dioxide tó wà nínú afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ṣì máa ń ju ìlọ́po márùn-ún ti ìta wa lọ, àwọn kan sì máa ń ráhùn orí fífọ́.

Fáànù pàápàá kì í ṣe ti ìgbádùn. Nílé wa, èémí gbígbóná tí a bá mí síta á gbéra lọ sókè, afẹ́fẹ́ tútù á rọ́pò rẹ̀. Níbẹ̀ kò sí òkè, kò sí ìsàlẹ̀, èémí gbígbóná kò mọ ibi tó máa gbà. Bí fáànù iyàrá bá kú nígbà tí èèyàn ń sùn, carbon dioxide á kóra jọ yí imú rẹ̀ ká. Ìdí nìyẹn tí ariwo fáànù kì í fi í dákẹ́ tọ̀sán-tòru.

Omi ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọgbọ́n èèyàn ti hàn jù. Èèyàn kan nílò nǹkan bíi lítà mẹ́rin lójúmọ́ fún mímu, oúnjẹ àti ìmọ́tótó. Kílò omi kan tí rọ́kẹ́ẹ̀tì bá gbé lọ ń jẹ ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là. Nítorí náà wọn kì í fi omi ṣòfò rárá. Òógùn, ooru ẹnu, omi aṣọ tútù, ìtọ̀, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń gbà padà. Òógùn àti ooru ẹnu máa ń di ìrì lára irin tútù nínú ẹ̀rọ amúlétutù, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fà á. Ìtọ̀ nira ju bẹ́ẹ̀ lọ. Fáànù ló ń fà á wọ inú ọ̀pá, nítorí kò ní já bọ́ fúnra rẹ̀. Wọ́n á da ásíìdì mọ́ ọn kó má bàa jẹrà, wọ́n á sì dà á sínú àgbá kan tó ń yí, tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán kí ìtọ̀ náà lè hó láìgbóná púpọ̀. Yíyí tí àgbá náà ń yí ló ń jẹ́ kí ìtọ̀ lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀, kí ooru sì bọ́ sí àárín. Ooru náà á di omi, omi á gba inú oríṣiríṣi asẹ́ kọjá, wọ́n á sun ìdọ̀tí tó kù nínú rẹ̀ pẹ̀lú ọ́síjìn, wọ́n á wá fi áyódíìnì díẹ̀ sí i kí kòkòrò má bàa hù.

Ní 2009, kò tíì tó ọdún kan tí ẹ̀rọ náà dé ibẹ̀, ó dí. Wọ́n ti dán an wò títí nílẹ̀ pẹ̀lú ìtọ̀ àwọn òṣìṣẹ́, kò sì dí rí. Kí ló ṣẹlẹ̀? Lókè, egungun kò ru ẹrù kankan, nítorí náà ara ń tú kálíṣíọ́ọ̀mù egungun sílẹ̀, inú ìtọ̀ ló sì ń gbà jáde. Kálíṣíọ́ọ̀mù tó pọ̀ yìí pàdé ásíìdì tí wọ́n ń dà mọ́ ìtọ̀, tí í ṣe sulfuric acid, àwọn méjèèjì sì di kóró funfun líle tó há gbogbo ọ̀nà. Àwọn tó wà nílẹ̀ kò mọ̀ pé ìtọ̀ ẹni tó ń léfòó kò rí bíi ti ẹni tó ń rìn. Wọ́n kọ́kọ́ dín iye omi tí wọ́n ń gbà láti inú ìtọ̀ kù, kó má bàa ki débi tí kóró á fi dì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi phosphoric acid rọ́pò ásíìdì náà, kóró kò sì dì bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Nígbà tí wọ́n tún fi ẹ̀rọ kan kún un tó ń fún omi ìkẹyìn jáde nínú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, ní 2023 wọ́n dé ibi tí wọ́n ti ń gba omi padà tó ìdá 98 nínú ọgọ́rùn-ún. Fún ẹni tó bá fẹ́ lọ sí Mars, níbi tí ọkọ̀ ẹrù kò lè tètè dé, nọ́ńbà yẹn ló ṣe pàtàkì jù. Ìgbọ̀nsẹ̀ ni wọn kò tíì rí ọgbọ́n dá sí bẹ́ẹ̀: wọ́n ń dì í sínú agolo, wọ́n ń kó o sínú ọkọ̀ ẹrù tó fẹ́ padà, á sì jóná pẹ̀lú ọkọ̀ náà nígbà tó bá ń wọlé sínú afẹ́fẹ́ ayé.

Egungun tí mo dárúkọ yẹn, bí wọn kò bá wá nǹkan ṣe sí i, ó ń dín ní ìdá kan sí kan àbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù, pàápàá ní ìbàdí. Oògùn rẹ̀ ni eré ìdárayá wákàtí méjì lójúmọ́. Irin gbígbé kò wúlò níbi tí irin kò ti wúwo, nítorí náà ẹ̀rọ ibẹ̀ ń lo sìlíńdà tí wọ́n fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tán. Ẹni tó bá fẹ́ gbé e á máa bá òfo náà jà, ó sì lè le tó ẹrù kílò 272. Ẹ̀rọ sísáré náà wà, wọ́n á fi bẹ́líìtì fa ẹni tó ń sáré mọ́ ọn kó má bàa léfòó lọ.

Ewu mẹ́ta ni wọ́n ń múra sílẹ̀ dè lójoojúmọ́: iná, afẹ́fẹ́ jíjò àti májèlé. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ láìní àga tirẹ̀ nínú ọkọ̀ tó lè gbé e padà sáyé. Bí aago ìdágìrì ammonia bá dún, gbogbo wọn á bo imú, wọ́n á sá lọ sí apá ti Rọ́ṣíà, wọ́n á sì ti ilẹ̀kùn, nítorí kò sí ammonia nínú páìpù ti apá ibẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe gan-an nìyẹn ní ọjọ́ 14 oṣù Kìíní ọdún 2015. Ìgbà tó yá ni wọ́n rí i pé kọ̀ǹpútà ló ṣì wọ́n lọ́nà, ammonia kankan kò jò.

Ní ti ìdọ̀tí òfurufú, ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Àwọn tó bá tóbi tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá, ilẹ̀ ni wọ́n ti ń fi radar tọpa wọn. Bí ìṣirò bá ti fi hàn pé ewu pé ọ̀kan lè kọlu ibùdó ju ẹyọ kan nínú 10,000 lọ, wọ́n á tan ẹ́ńjìnnì, wọ́n á yẹra. Èyí tó kéré, pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà níwájú ògiri ló ń gbà á: ìdọ̀tí náà á fọ́ túútúú lára rẹ̀ kó tó dé ògiri gidi. Àwọn tó wà láàárín méjèèjì, tó tóbi ju ohun tí pátákó lè gbà lọ, tó sì kéré ju ohun tí radar lè rí lọ, àwọn ni ìṣòro. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, ihò tí kò tó mìlímítà kan lu páìpù ìtutù ọkọ̀ Soyuz MS-22, gbogbo omi ìtutù rẹ̀ sì tú dànù. Rọ́ṣíà ní láti fi ọkọ̀ mìíràn ránṣẹ́ láìsí èèyàn nínú rẹ̀, Frank Rubio, ará Amẹ́ríkà tó yẹ kó fi MS-22 padà lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, sì di ẹni tó lo ọjọ́ 371.

Jíjáde síta náà ní ìlànà tirẹ̀. Ìfúnpá inú aṣọ tí wọ́n ń wọ̀ jáde kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta ti inú ilé, nítorí bí wọ́n bá fún un kún ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọwọ́ kò ní lè ká. Ẹni tó bá fẹ́ wọ̀ ọ́ á kọ́kọ́ mí ọ́síjìn nìkan fún ìgbà pípẹ́ kí náítírójìn lè jáde nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ náítírójìn á hó nínú ẹ̀jẹ̀, á sì wọ oríkèé. Ní ọjọ́ 16 oṣù Keje ọdún 2013, omi láti inú ẹ̀rọ ìtutù aṣọ Luca Parmitano, ọmọ Ítálì, bẹ̀rẹ̀ sí í kún inú akoto rẹ̀ nítorí pé ihò kan dí. Omi ibẹ̀ kì í ṣàn wálẹ̀. Ó lẹ̀ mọ́ ojú rẹ̀, ó bo imú àti etí rẹ̀. Ó táràrà padà sẹ́nu ọ̀nà, ó sì yè é.

Kí wá ni gbogbo wàhálà yìí wà fún? Ohun kan ṣoṣo ni ibùdó náà ní tí kò sí níbikíbi láyé: àìwúwo tó ń pẹ́ fún oṣù àti ọdún. Níbi tí nǹkan kò ti wúwo, ohun tó gbóná kì í gòkè, ohun tó wúwo kì í rì. Iná tí wọ́n dá níbẹ̀ rí róbótó, ní 2012 wọ́n sì rí i pé ẹ̀kán epo kan lè máa jó lọ láìsí iná tí ojú lè rí, ní ìgbóná tó kéré ju bí wọ́n ṣe lérò lọ. Kírísítà oògùn ń dì dọ́gbadọ́gba, èyí sì ń ran àwọn aṣoògùn lọ́wọ́ láti mọ bí wọ́n ṣe máa ṣe é nílẹ̀. Ẹ̀rọ AMS tó wúwo tó tọ́ọ̀nù méje àbọ̀ ń ka ìtànṣán tó ń wá láti ọ̀nà jíjìn réré látọdún 2011. Ẹ̀rọ ECOSTRESS, tí wọ́n gbé lọ ní 2018, ń wọn ìgbóná ewé irúgbìn láti mọ oko tí òǹgbẹ ń gbẹ.

Èyí tó kàn wá jù ṣẹlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa níbí. Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Ìjọba Àpapọ̀ tó wà ní Àkúrẹ́ bá Kyushu Institute of Technology ti Japan ṣe sátẹ́láìtì kékeré kan, Nigeria EduSat-1, tí kò ju àpótí sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá níhà gbogbo lọ, tí ìwúwo rẹ̀ sì tó kílò kan. Ti Gánà, Mongolia, Bangladesh àti Japan fúnra rẹ̀ jọ wà nínú iṣẹ́ náà. Rọ́kẹ́ẹ̀tì gbé e lọ sí ibùdó ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹfà ọdún 2017. Wọ́n kó o sínú àpótí tó ní sípíríǹgì, wọ́n gbé e gba ẹnu ọ̀nà kékeré iyàrá Kibo ti Japan, apá ẹ̀rọ nà án síta, sípíríǹgì sì tì í jáde ní ọjọ́ keje oṣù Keje. Nítorí pé gíga ibùdó ló ti bẹ̀rẹ̀, tí kò sì ní ẹ́ńjìnnì, afẹ́fẹ́ tín-ín-rín yẹn fà á wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tó fi jóná ní 2019. Àǹfààní ibẹ̀ ni pé yunifásítì tí kò lè ra rọ́kẹ́ẹ̀tì lè rí ọ̀nà dé òkè.

Ibùdó yìí ti ń darúgbó. Ihò tín-ín-rín kan bẹ̀rẹ̀ sí í jò ní ẹ̀yìn abala Zvezda lọ́dún 2019. Ètò tó wà nílẹ̀ ni pé kí wọ́n lò ó dé 2030, kí ọkọ̀ kan tí NASA, àjọ òfurufú Amẹ́ríkà, gbé iṣẹ́ rẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ SpaceX ní 2024 sì tì í wálẹ̀ sí agbami òkun Pàsífíìkì níbi tí kò sí èèyàn. Ilẹ̀ Ṣáínà ní tirẹ̀, Tiangong, látọdún 2021, òun náà ń gba orí Èkìtì kọjá.

Ẹni tó bá fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí ibùdó àgbáyé náà kò nílò awò kankan. Ẹ lọ sí Spot the Station ti NASA tàbí Heavens-Above, ẹ fi Adó-Èkìtì sí i, tàbí 7.62 àríwá àti 5.22 ìlà oòrùn. Ẹ wo ibi tí wọ́n kọ gíga sí: tí kò bá tó dígíríì 40, ẹ fi sílẹ̀, pàápàá ní Ẹ̀fọ̀n Alààyè tí òkè yí ká. Ìkúùkù ọwọ́ tí ẹ bá nà tán tó dígíríì mẹ́wàá lójú ọ̀run. Ìdí tí a kì í fi í rí i ní ọ̀gànjọ́ òru ni pé kò ní iná tirẹ̀. Oòrùn ló ń tàn sí i lára. Ilẹ̀ gbọ́dọ̀ ti ṣú fún wa, kí oòrùn sì ṣì máa pa á lókè lọ́hùn-ún. Ní ilẹ̀ wa tí oòrùn ń yára wọ̀, ìyẹn jẹ́ láti bí ìdajì wákàtí sí wákàtí kan àbọ̀ lẹ́yìn tó bá wọ̀, àti irú àkókò bẹ́ẹ̀ kó tó yọ. Ó máa ń ti ìhà ìwọ̀-oòrùn wá, á mọ́lẹ̀ gbòò, kì í ṣẹ́jú bíi ti ọkọ̀ òfurufú, á sì kọjá láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́fà. Tó bá pòórá láàárín ọ̀run, òjìji ayé ló wọ̀. Oṣù Kọkànlá, kí eruku ọyẹ́ tó dé, dára púpọ̀ fún un.

Ẹni tó ní rédíò ọwọ́ tó ń gba FM ní VHF lè gbọ́ ohùn wọn náà nígbà tí wọ́n bá ń bá àwọn ọmọ ilé-ìwé sọ̀rọ̀. 145.800 MHz ni kí ẹ yí i sí. Ẹ jáde sí gbangba, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ áńtẹ́nà kọjú sí ibi tó wà, kì í ṣe ṣóńṣó rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń tún ohùn gbé jáde níbẹ̀ wà lórí 437.800, ṣùgbọ́n nítorí eré tó ń sá, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 437.810 nígbà tó bá ń bọ̀, ẹ dé 437.800 nígbà tó bá wà lókè, kí ẹ sì parí sí 437.790 bó bá ń lọ. Gbígbọ́ nìkan ni o. Ẹni tí kò bá ní ìwé àṣẹ kò gbọ́dọ̀ tẹ bọ́tìnì ìsọ̀rọ̀.